Ojú Tó Gbà fún Òṣùwọ̀n

Ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tí Àlàájà Àsmá'ù ti jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìwó, orúkọ kan wà tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i rárá. Ojú-Ìwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Bí obìnrin bá bímọ tán, Àlàájà á wo aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, á wo ilẹ̀, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, á wá ní, "Ẹ̀jẹ̀ tó dà kò tó ìdajì lítà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n á sì kọ ọ́. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà sáyé ti ń wá bímọ tiwọn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá dá ọlọ́kadà dúró lójú títì, kò ní pẹ́ tí ọlọ́kadà á bojú wẹ̀yìn, á ní, "Àlàájà, ìyá mi ní ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi." Ìyẹn a máa dùn mọ́ ọn ju ẹran Iléyá lọ.

Nígbà náà, bí ẹ bá fẹ́ rí i kó fajú ro, ẹ dárúkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lọ jókòó kó gba ẹ̀kọ́ tuntun kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ká má parọ́ fúnra wa, a mọ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń ṣe é. Òmíràn á fọwọ́ sí ìwé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lọ́jà. Òmíràn á jókòó sẹ́yìn, á máa wo fóònù títí wọ́n á fi gbé ìrẹsì dé. Bí ìwé ẹ̀rí bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó ti parí, ó di ọdún mẹ́ta òní. Ti Àlàájà kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí òun a máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni yóò jókòó sí, yóò máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n wá kọ́ wa yìí," ló máa ń sọ, "nígbà tí mo ti ń gbẹ̀bí, wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú."

Àwọn ìwé ẹ̀rí náà wà nínú ọ̀rá kan lábẹ́ àwọn gèlè rẹ̀. Kò ka ọ̀kan nínú wọn rí.

Ohun kan wà tó fi ń yangàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òun ló dá òfin sílẹ̀ pé aṣọ dúdú ni kí àwọn aboyún máa kó wá fún ọjọ́ ìbímọ, aṣọ àlòkù mẹ́rin, tí ẹ̀jẹ̀ kò ní hàn lára rẹ̀. Ìdí ni pé ní ìgbà kan, ọkọ kan rí aṣọ funfun tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ó dákú sẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì méjì ló pa aboyún tì tí wọ́n lọ ń da omi lé e lórí. Láti ìgbà náà ni Àlàájà ti fòfin de aṣọ funfun. Àwọn ìyá ọkọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Ìwó dé Kuta ló ti mọ̀ pé bí oyún bá ti pé oṣù mẹ́jọ, kí wọ́n lọ wá aṣọ dúdú.

Lọ́dún tó kọjá ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tún dé, ní gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú. Ẹni tó wá kọ́ wọn ni Ẹyinjúolúwa, ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Àlàájà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kó tó lọ kàwé sí i. Bó ti rí ọ̀gá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ wá síwájú kí ẹ jókòó."

"Ibi tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn," ni Àlàájà wí.

Ẹyinjúolúwa kó aṣọ àlòkù sórí tábìlì, aṣọ dúdú gẹ́lẹ́ bí irú èyí tí àwọn aboyún máa ń kó wá. Ó ti da zobo pupa sí wọn lára kí àwọn èèyàn tó dé. Ó ní kí wọ́n kà á sí ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sọ iye tó wà níbẹ̀. Gbogbo orí yí padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ jẹ́ kí Ojú-Ìwọ̀n sọ ọ́!" ni ẹnì kan kígbe. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àlàájà dìde, ó rìn síwájú pẹ̀lú iyì. Ó wò ó, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kò tó ìdajì lítà."

Ẹyinjúolúwa gbé aṣọ náà sórí òṣùwọ̀n kékeré kan, ó yọ ìwọ̀n tí aṣọ náà ní nígbà tó gbẹ kúrò níbẹ̀, ó sì yí ojú òṣùwọ̀n sí wọn. Ó lé ní kílò kan, ìyẹn ni pé ó lé ní lítà kan. Ó tó odidi ọ̀rá píọ́ wọ́tà méjì, ó tún lé.

Ẹyinjúolúwa yára gba ọ̀rọ̀ sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀, "Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, mà. Ojú gbogbo wa ló máa ń rí díẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀. Aṣọ dúdú ló tún wá ń bá a bò ó."

Ǹjẹ́ ẹ rò pé Àlàájà gbà? Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò dúró gba ìrẹsì, kò dúró gba ìwé ẹ̀rí. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sílé, ó ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Zobo! Ọmọ tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́!

Ìbínú náà kò pẹ́ lọ títí. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló burú. Kó tó kírun Àlàásárì tán ní ọjọ́ náà, obìnrin kan láti ìlú Olúpọ̀nnà ti dé sí i lọ́kàn. Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin náà bímọ ọkùnrin ní wọ́ọ̀dù, lórí aṣọ dúdú mẹ́rin. Àlàájà wò ó, ó ní kò tó ìdajì lítà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó sinmi. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó, ọwọ́ obìnrin náà ti tutù. Gbogbo èèyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àlàájà náà sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ báyìí iye ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú aṣọ mẹ́rin náà, nítorí wọ́n ti sun wọ́n. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń sọ fún un, ó sì sunkún lórí ìtẹ́kírun.

Ọ̀rọ̀ wá di kí ló fẹ́ ṣe. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè, orúkọ rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Bó bá sọ̀rọ̀, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó fi kọ́ gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì yẹn láti máa fojú wọn ẹ̀jẹ̀ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ wó lulẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Orúkọ ni ohun tí àgbà ní.

Bàbá rẹ̀ ló yanjú rẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá náà ti kú tipẹ́. Àáfà Badrudeen ní ilé kéwú ní Ìsàlẹ̀ Ọba, iwájú rẹ̀ ni ìdajì àdúgbò ti mọ Àlùkùràánì kà. Nígbà tí Àsmá'ù wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, Abdulhafeez, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú bàbá rẹ̀, ti ilẹ̀ Lárúbáwá dé. Ó rọra sọ fún àáfà pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka súrà kan kò tọ́. Kí ni àáfà ṣe? Ó ṣí rawàní rẹ̀, ó jókòó lórí ẹní níwájú ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, lójú gbogbo ọmọ kéwú, ó ní kó kọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, lọ́dọ̀ àwọn tó ti kọ́ látẹ̀yìn wá, bàbá àti ìyá ọlọ́mọ, ó ń wí fún wọn pé, "Ohun tí mo kọ́ yín kò pé. Ẹ jókòó, ká tún un kà."

Ìtìjú bá Àsmá'ù. Ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi dákẹ́. Àáfà ní, "Bó bá jẹ́ ẹnu tèmi nìkan ni, ǹ bá dákẹ́. Gbogbo ẹnu tí mo ti fi í sí ńkọ́?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn tó fẹ́ lọ sílé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pàdé, Àlàájà ní kí gbogbo wọn dúró. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀, ó wá gbé ojú sókè.

"Èmi ni mo kọ́ yín láti máa fojú wọn ẹ̀jẹ̀," ló wí. "Ohun tí mo kọ́ yín kò pé. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n máa kó aṣọ dúdú wá. Mo ṣe àṣìṣe. Láti òní lọ, aṣọ funfun ni, a ó sì máa wọ̀n ọ́n."

Kareemah, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fà á sí kọ̀rọ̀. "Àsmá'ù, ta ló bi ẹ́? Ọdún méjì péré ló kù o!"

"Ọdún méjì yẹn náà, wọ́n á bímọ níbẹ̀," ni Àlàájà dá a lóhùn.

Ó lọ sọ́jà, ó ra òṣùwọ̀n irú èyí tí àwọn oníkéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó gbé e sí wọ́ọ̀dù. Ó padà lọ bá Ẹyinjúolúwa, ó bẹ̀ ẹ́ kó wá kọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn níbẹ̀, òun gan-an ló sì kọ́kọ́ jókòó níwájú pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́. Ó tẹ àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láago lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó ti rékọjá sí òkè òkun. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ṣé wọ́n ti sọ wọ́ọ̀dù di ìsọ̀ alápatà ni, tí wọ́n ń wọn nǹkan kiri. Orúkọ Ojú-Ìwọ̀n parẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Oníkéèkì. Ó dùn ún, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò kúrò níbi tó gbé e sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló wá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Fọládé, ìyàwó Múyìíwá, àgbẹ̀ kan ní Kuta, bí ọmọbìnrin. Ọmọ ké, ibi bọ́, inú gbogbo ilé dùn. Aṣọ funfun mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀, tó ṣì wà lórí òfin àtijọ́, ti fi ìró dúdú kan kún un. Àlàájà wo àwọn aṣọ náà, kò mọ ìgbà tó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ní kò sí nǹkan.

Mujeebah, nọ́ọ̀sì tí kò tíì ju ọdún kan lọ lẹ́nu iṣẹ́, ti kó gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. "Mà," ló wí, "ó ti lé ní ìdajì lítà. Ó sì ṣì ń dà."

Gbogbo ara Àlàájà fẹ́ sọ pé irọ́ ni, kó tún un wọ̀n. Ó yí ojú kúrò lára aṣọ, ó wo òṣùwọ̀n.

"Mo gbọ́. Pariwo pe dókítà. Gbé abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wá."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa inú Fọládé kí ilé ọmọ lè le. Mujeebah gún un ní abẹ́rẹ́, ó fi omi sí i níṣan, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí Ẹyinjúolúwa kọ́ wọn, wọn ò fo ọ̀kan. Nígbà tí dókítà máa fi sáré dé, ẹ̀jẹ̀ ti ń dá. Ohun tí wọ́n wọ̀n ní àpapọ̀ kò jìnnà sí lítà kan. Àlàájà di ọwọ́ Fọládé mú, kò tètè fi í sílẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó fẹ́ tutù. Ọwọ́ náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Fọládé ní ẹ̀kọ gbígbóná ń wu òun.

Nígbà tí wọ́n gba ìyá ọkọ láàyè láti wọlé, àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti àwọn ìyá ọlọ́mọ tó kù ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà náà di Àlàájà lọ́wọ́ méjèèjì mú.

"Àlàájà, Ọlọ́run á ṣàánú yín! Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa ní Kuta pé ojú yín kì í tàn yín jẹ. Ojú yín náà ló tún gbà wá lónìí!"

Oríkì tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, tó sì fẹ́ràn jù láyé. Àlàájà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa Mujeebah jáde síwájú.

"Ìyá, ojú mi ní kò sí nǹkan," ló wí, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè gbọ́. "Ọmọ yìí ló wọ̀n ọ́n, tó sì sọ fún mi. Òun ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ."