Ojú Fèrèsé Ni A Ti Ń Da Omi Nù

Ojú fèrèsé ni a ti ń da omi nù nílé wa. Orí òpó ni ilé wà, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá máa wo ìsàlẹ̀ kó tó da omi abọ́ nù? Ẹ ò lè mọ̀ bí ìwà yìí ṣe lè kó bá ènìyàn, àfi bí ogun bá lé yín dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ogun odò lé wa. Àárọ̀ ni àwọn ọ̀tá dáná sun abúlé wa, nítòsí Àwóyè létí òkun. Bàbá mi ti èmi àti ìyá mi sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ti kún, ó ní òun ń padà lọ mú ìyá òun. Ó dárúkọ ìlú kan lókè fún wa, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ń ṣe tíṣà. "Ẹ má kúrò níbẹ̀ o. Ibẹ̀ ni màá wá bá yín."

Tíṣà náà fi wá sí yàrá kan nílé ìyá rẹ̀. Màmá tíṣà ṣàánú wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Bí ìyá mi bá la ẹnu, Màmá á ní, "Ìyàwó, sọ Yorùbá jàre!" Háà, èdè wo ni ìyá mi ti ń sọ látàárọ̀? Iyán ni wọ́n ń gbé fún wa, pupuru ẹ̀gẹ́ ilé wa ni ọkàn mi ń fà sí. Mi ò gbọ́ kí omi máa gbá òpó mọ́, ó wá dà bíi pé etí mi di. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ìyá mi náà ti dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi fọ ẹja tán, ó da omi rẹ̀ gba ojú fèrèsé. Kò wo ìsàlẹ̀. Màmá sì wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí èlùbọ́ tó sá. Yéè! Ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ gèlè, èlùbọ́ di ẹrẹ̀.

"Ẹ kó ẹrù yín! Ẹ kúrò nílé mi kí ilẹ̀ tó ṣú!"

Ìyá mi tí kì í bẹ ènìyàn sáré jáde, ó kúnlẹ̀ sínú omi ẹja. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nà mí. Bí a bá kúrò níbí, ibo ni ọkọ mi yóò ti rí wa?"

Màmá ṣí ìpẹ́ kan kúrò ní gèlè. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kó o tó da omi, pariwo 'Ẹ yàgò o!' kí n gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pariwo. Àwọn ọmọ ilé á sì dá a lóhùn pé, "Ẹ yàgò o, ará omi!" Mo kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n a ò kúrò níbẹ̀. Òjò ọdún kan lọ, ti èkejì dé, a ṣì ń retí bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni ará abúlé wa kan wá sọ fún wa pé wọ́n rí ọkọ̀ bàbá mi lẹ́nu odò, aṣọ ìyá àgbà wà nínú rẹ̀. Wọn ò rí òkú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, a padà sílé. Àwọn ẹbí wa kọ́ ilé kékeré kan fún wa lórí òpó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi fọ ẹja, ó gbé abọ́ dé ojú fèrèsé, ó dúró, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ yàgò o!"

Ẹ̀rín pa mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta ni ẹ ń sọ fún? Omi nìkan ló wà níbẹ̀ kẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n rí òkú bàbá rẹ ni? Ṣé kí n wá da omi ẹja lé ọkọ mi lórí ni?"