Ìyá Mi Kò Ní "Ẹ" Lẹ́nu

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ jí ní Ẹdẹ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí onílé mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń já ewé gbúre. Ìyá mi jáde láti yàrá tí mo gbà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kí wọn bí a ṣe ń kíra wa ní ìlú wa ní Èkìtì: "O kú ulé o. Ṣé o jí ire?"

Ìyàwó ilé tó ń gbálẹ̀ dáwọ́ dúró. Èyí tó ń fọ abọ́ gbójú sókè wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ìyá mi lóhun tó sọ. Ìyá Àgbà kò dáhùn. Wọ́n gbé ewé wọn, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá mọ Èkìtì yóò mọ̀ pé kò sí àfojúdi níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà tiwa, ẹyọ ẹnì kan, "o" ni. Ó di ìgbà tí èèyàn bá pé méjì kó tó di "ẹ". Bí o bá pe ìyá mi ní "ẹ̀yin", á wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé òun wá ni. Bí mo ṣe ń pè é ní "ó" nínú ohun tí mò ń kọ yìí, bó ṣe fẹ́ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà. Ṣùgbọ́n Ẹdẹ kì í ṣe Èkìtì. Ní Ẹdẹ, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú ti mọ "ẹ".

Kì í ṣe pé ìyá mi kàn wá kí mi. Ó ṣubú nínú ilé ìdáná rẹ̀ nílé, ó sì wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀ kí ará àdúgbò kan tó gbóhùn rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Èmi nìkan ló bí. Bí Ẹdẹ kò bá gbà á, ilé òfìfo yẹn ló ń padà sí, bó bá sì tún ṣubú, ó lè má sí ẹni tí yóò gbọ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni tán láàárín ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé. Wọ́n á kí èmi tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á bi mí léèrè iṣẹ́. Bí ìyá mi bá yọjú, olúkúlùkù á rántí ohun tó gbé kaná. Bó bá kí wọn, wọ́n á ní "hùn-ún". Èèyàn tó jẹ́ pé bó bá ń lọ ọjà nílé, ìkíni nìkan ló ń mú un pẹ́ dé. Ó wá di ẹni tó ń jókòó sí yàrá láti òwúrọ̀, tó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ kò wọlé fún un mọ́. Mo ń lọ síbi iṣẹ́ mi ní yunifásítì, ọkàn mi ń bẹ nílé.

Mo gbìyànjú. Mo kúnlẹ̀ fún ìyálé, aya onílé mi, mo ní èdè ni, kì í ṣe ìwà. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ìyá àwọn kò ti jẹun dáadáa mọ́, pé ẹ̀gàn a máa dun àgbà. Inú bí mi. Èmi náà kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Mo padà sí yàrá, mo sọ fún ìyá mi pé kó kúkú máa fi "ẹ" kí wọn, ṣebí kò ní fa ẹnu rẹ̀ ya.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí," ó ní. "Ṣé kí n purọ́ ni?"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Ó ní bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí ìyá yẹn kò tíì dá òun lóhùn, òun ń lọ sílé, pé ibi tí wọn kì í ti í kí èèyàn, itẹ́ òkú ni. Mo rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dé láti ibi iṣẹ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ilẹ̀kùn yàrá wa ṣí sílẹ̀. Báàgì rẹ̀ kò sí, bàtà rẹ̀ kò sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà lójú fèrèsé, fóònù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé; ó ní òun rí i tó ń jáde, ó gbé báàgì dání. Ó rí arúgbó tó gbé báàgì, kò bi í pé níbo.

Ìyá Àgbà wà lórí ẹní wọn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo dúró síwájú wọn, n kò kúnlẹ̀.

"Ìyá mi ti lọ," mo ní. "Bó bá ṣubú lọ́nà, ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Nítorí 'o' lásán."

Tìbínú-tìbínú, n kò gbàgbé "yín". Ìyálé sáré wá láti fà mí kúrò, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ sókè pé kó fi mí sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ọ̀nà ibo ló lè gbà. Mo ní Sekona ni, níbi tí yóò ti rí mọ́tò Ifẹ̀, kó tó wá wọ ti Èkìtì. Wọ́n ní kí n pe kẹ̀kẹ́, àwọn ń bá mi lọ.

N kò mọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ gba ẹ̀bẹ̀ tó tọ́ sí wọn ni. Ètè wọn ń mì lọ́nà, bóyá àdúà ni, n kò mọ̀. Mò ń wo etí títì, mò ń wá arúgbó tó ṣubú. Ibikíbi tí èèyàn bá ti pé jọ, mò ń yọrí síta wò. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ sáré. Ó ní òun kò lè sá eré pẹ̀lú ìyá àgbà lẹ́yìn.

Ìyá mi wà nínú mọ́tò Ifẹ̀ ní Sekona, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Agbèrò ń pariwo pé ó ku ẹnì kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ kalẹ̀, mo rán an létí oògùn rẹ̀, mo rán an létí ọjọ́ tó ṣubú. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Àgbà rọra bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n sì di ilẹ̀kùn mọ́tò náà mú. Awakọ̀ ní bí ìyá bá ń lọ, kí wọ́n wọlé. Wọn kò wo ibi tó wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí ní 'o' kẹ́yìn," wọ́n sọ fún ìyá mi. "A sin ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ẹni tó lè pè mí ní 'o' ti kú tán. 'Ẹ' ni gbogbo ayé ń pè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó o kí mi, mo rò pé òun ni. Ẹkún ni mo wọlé lọ sun. Ojú wá ń tì mí láti sọ fún àwọn ọmọ."

Ìyá yìí kò bínú rárá. Àwa tó kù la sọ pé wọ́n bínú: àwọn ìyàwó ilé rí ilẹ̀kùn tí Ìyá Àgbà tì, wọ́n pè é ní ẹ̀gàn, èmi rí i, mo pè é ní ìgbéraga. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn náà nínú wa.

Ọkùnrin kan sáré wá, ó wọlé. Mọ́tò kún. Awakọ̀ ṣíná ọkọ̀, ó ní kí a jọ̀wọ́ fi òun sílẹ̀. Ìyá Àgbà kò yọwọ́.

Ìyá mi ń wò wọ́n. "Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń pè ọ́ gan-an?" ó bi wọ́n.

Ìyá Àgbà na ọrùn sí fèrèsé, wọ́n sọ ọ́ sí i létí. Orúkọ ìgbà èwe ni, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn kò gbọdọ̀ pè, n kò sì gbọ́ ọ. Ìyá mi pè é padà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe àbúrò rẹ̀ láti yàrá kejì.

"Náàmù," ni Ìyá Àgbà dáhùn, bí ọmọ kékeré ilé kéú ṣe ń dá àgbà lóhùn, omijé sì ń bọ́ lójú wọn níbẹ̀, lójú agbèrò àti gbogbo èrò ọkọ̀.

Ìyá mi ní kí awakọ̀ wá ẹlòmíràn fi sí àyè òun.