Òkìtì Erùpẹ̀ Dúdú

Nígbà tí wọ́n ń la títì tó gba Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́, oko wa ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ti wá wa yanrìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí, ló fọwọ́ sí i. Èmi kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá katakata lórí ẹ̀gẹ́ mi ni. Mo bínú títí, ta ló gbọ́? Ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbà lọ́wọ́ awakọ̀ náà ni pé kó kọ́kọ́ họ erùpẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dọ̀ tiwa, erùpẹ̀ yẹn ò nípọn, yanrìn funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀gẹ́ kì í sì í ta nínú yanrìn lásán.

Kòtò tí wọ́n ti ń wa yanrìn náà dé ẹ̀yìnkùlé wa, omi sì kún inú rẹ̀. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí wọ́n má baà kó sí i. Ó ní, “Bàbá wọn, ọjọ́ tí ẹ bá dí kòtò yìí, tí oko padà di oko, ẹ ránṣẹ́ sí mi.”

Mo di ẹni tó ń ṣọ́ òkìtì erùpẹ̀. Mo fi imọ̀ àgbọn bò ó kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Àwọn tó ń gbin òdòdó ní Ìkòyí rán lọ́rì wá láti rà á. Àwọn aládùúgbò mi ta tiwọn, wọ́n sì kó kúrò ládùúgbò. Èmi bú awakọ̀ lọ́rì dáadáa. Nígbà tó yá, n ò rẹ́ni bú mọ́. Rédíò ni mo ń bá jiyàn.

Nígbà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ṣiṣẹ́ tán, mo bẹ awakọ̀ katakata, ó ti yanrìn tó ṣẹ́ kù sínú kòtò. Èmi nìkan ni mo fi agbọ̀n ru erùpẹ̀ dúdú padà. Mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo gbin ẹ̀wà lé e kó lè dì í mú, lẹ́yìn náà ni mo tó gbin ẹ̀gẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà mí.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ta, mo ránṣẹ́. Ìyàwó mi wá, òun nìkan. Ó hú ìdí ẹ̀gẹ́ kan, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Díẹ̀ ló kù kí n ní kó rọra.

Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣe é lóòótọ́.”

Mo béèrè àwọn ọmọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àbúrò wà níléèwé, àwọn méjèèjì ò fẹ́ kúrò l'Ékòó. Òun náà ti ní ṣọ́ọ̀bù. “Ẹ ò kúkú wá bá wa?”

Mo ní ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ohun ọ̀gbìn ni, bí mo bá fi sílẹ̀ báyìí, òjò á tún gbá a lọ. Ó dágbére fún mi. Nítorí wọn ni mo ṣe tún ilẹ̀ náà ṣe, ilẹ̀ náà gan-an ni kò sì jẹ́ kí n lè tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, mo padà sóko, mo sunkún.