Iye Tí Kò Nítìjú

Ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí Ragnfrid rántí láyé: dùùn, dùùn, bó ṣe ń wọ èbúté. Bí bàbá bá ti gúnlẹ̀, á máa bú àwọn tó ń ta iyọ̀ tó fi ń tọ́jú ẹja fún un pé iye tí wọ́n ń pè kò nítìjú.

Ragnfrid di ògbufọ̀ ní Bergen. Ó ń retí kí àwọn òǹtẹ̀wé gbé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ti Norway fún un, ó sì ti pe owó tó máa gbà fún wọn. Eyvind, ògbufọ̀ bíi tirẹ̀ tí yàrá wọn kọjú síra, a máa wá bi í bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè Norway pé ọjà kan wọ́n jù. Ragnfrid kọ́ ọ ní "iye ẹ̀jẹ̀", ó kọ́ ọ ní "ó wọ́n bí ẹlẹ́dẹ̀", ó sì kọ́ ọ ní ti bàbá tirẹ̀, "kò nítìjú".

Ní Sátidé tó kan àwọn méjèèjì láti fọ àtẹ̀gùn ilé, ọwọ́ òfìfo ni Eyvind bá jáde.

"Ragnfrid, èmi ni wọ́n gbé ìwé yẹn fún."

"Ìwé wo? Ìwé mi?"

"Wọ́n bi mí nípa owó tí o pè. Mo ní kò nítìjú."

"Ìwọ tí o ò mọ̀ ju 'ó wọ́n' lọ kí n tó kọ́ ẹ! Ọ̀rọ̀ bàbá mi lo fi tà mí?"

"Má bínú. Òun ló bá a mu jù."

Eyvind wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ragnfrid fún àkísà, ó fọ àtẹ̀gùn láti òkè dé ẹnu ọ̀nà títì, apá ti Eyvind náà, ó wá fi páálí tó ń sọ ẹni tí fífọ àtẹ̀gùn kàn kọ́ sára ilẹ̀kùn aládùúgbò ìsàlẹ̀.