Mẹ́sàn-án Ni Mo Rà Á

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, oníbàárà kan dúró níwájú ìsọ̀ mi ní Aswani, ó gbé ẹ̀wù ọmọdé dání, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lòun máa san. Mo ní kó máa gbé e lọ ní mẹ́jọ. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ó yára sanwó kí n tó yí ọ̀rọ̀ mi padà. Kò mọ̀ pé mi ò fẹ́ gbọ́ mẹ́sàn-án létí mi rárá nígbà yẹn.

Mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ tí bàbá mi gbẹ́nu lé títí tó fi kú. "Mẹ́sàn-án ni mo rà á." Bí mo bá fún un lómi, á mu ún, á ní mẹ́sàn-án lòun rà á. Bí mo bá ń fi ìpara pa á lẹ́yìn, á ní kí n gbọ́, mẹ́sàn-án ni. Mo máa ń sọ pé, "Bàámi, mo ti gbọ́." Á ní rárá, mi ò tíì gbọ́.

Ìpín ilé-iṣẹ́ kan, èyí tí àwọn kan ń pè ní ṣíà, ni ohun tó rà, kì í sì í ṣe fún ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Mafoluku ló rà á fún. Àǹtí mi yìí ń ta ìrẹsì nígbà náà, bàbá mi sì ń bá wọn já ẹrù ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹni tó máa ń ra ìwé ìròyìn nítorí ojú ewé kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń kọ iye owó ìpín sí. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti ń bọ̀, bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ. Ṣé ó máa ń ṣubú lójijì? Bó bá ṣubú, ṣé ó máa ń dìde? Ó ní iye àná ò lè sọ iye ọ̀la fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ á jẹ́ kó o mọ irú ẹni tí ò ń bá lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ fún àǹtí mi ló kó owó fún bàbá mi pé kó bá òun rà nínú ìpín náà. Bàbá mi rà á ní náírà mẹ́sàn-án ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún mélòó kan kọjá, àǹtí mi fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ó ní kó bá òun tà á. Ọjà ti já nígbà yẹn. Náírà mẹ́fà ni bàbá mi rí i tà, ó kó owó náà fún un láìyọ kọ́bọ̀. Ó dun àǹtí mi, àmọ́ ó fi owó mìíràn kún un, ó lọ, ó sì di Àlàájà. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀, tàbí kí n sọ pé a rò pé ó kú.

Ọmọ rẹ̀ àgbà, tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ló jí ọ̀rọ̀ náà dìde. Ó rí ojú òpó kan lórí fóònù tí èèyàn ti lè wo iye tí ìpín ilé-iṣẹ́ kan jẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú láti ẹ̀yìn wá. Ó wo ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rà á. Náírà mẹ́fà ló bá níbẹ̀. Wọ́n rà á ní mẹ́fà, wọ́n tà á ní mẹ́fà. A jẹ́ pé owó ìyá òun ò dín rárá, ẹni tó wà láàárín ló jẹ ẹ́.

Wọ́n wá sílé wa ní Ìsọlọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Àǹtí mi gbé fóònù náà lé bàbá mi lórúnkún.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún mi."

Bàbá mi wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á. Ó ní, "Mẹ́sàn-án ni mo rà á."

"Ṣé fóònù ló ń parọ́ ni?"

"Mi ò mọ nǹkan tí fóònù ń ṣe. Mẹ́sàn-án ni mo rà á."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ká ní ẹ tọrọ ẹ̀ ni, ṣé mi ò ní fún yín? Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mi ò ní fún yín? Ẹ wá jí i. Olè ni yín, Bọ̀ọ̀dá."

Ó pè é lólè, kò sì gbàgbé láti bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe ń pè é. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Bàbá mi ò ní ohun tó máa fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìwé tí alágbàtà ìpín fún un lọ́jọ́ tó rà á ti bá omi lọ ní ọdún tí àgbàrá wọ yàrá wa tó mù wá dé ìbàdí. Alágbàtà náà fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ẹnu nìkan ló kù fún bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹnu rẹ̀ jáde.

Kò pé ọdún kan tó fi kú. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, ààfáà kọjú sí èrò, ó bèèrè ohun tí wọ́n máa ń bèèrè: ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè, kó yọjú sáwọn ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣẹ̀, kó dákun forí jì í. Àwọn èèyàn ń dáhùn pé àwọn ti forí jì í. Àǹtí mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn. Ó ní, "Mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Kò pariwo. Ààfáà ò gbọ́, èmi gbọ́. Àwa tí wọ́n kọ́ ní ilé kéwú mọ̀ pé ẹ̀mí òkú a máa so rọ̀ mọ́ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Lẹ́yìn fídàú, mo kó owó tí wọ́n ní bàbá mi jẹ lọ bá àǹtí mi. Ó ní kí n gbé owó mi. "Òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó sì ti gbé e lọ."

Bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi. Lójú àlá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tó dé mọ́ṣáláṣí tí kò ráàyè. Kì í sọ̀rọ̀, kì í wọlé, kì í sì í lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí mo bá ń tú ìdì aṣọ tuntun, òórùn ìpara rẹ̀ á ṣàdédé jáde láti àárín wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́. Òkú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mi ò mọ̀ bóyá olè ni bàbá mi lóòótọ́.

Èmi náà ti ń ra ìpín díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù nítorí ohun tó kọ́ mi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo rà ní ogún náírà. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà fún wa ní bónọ́ọ̀sì, ìpín kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a ní, tèmi sì di ìlọ́po méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà dákẹ́, mo ṣí ojú òpó yẹn láti wo bí ìpín náà ṣe ń rìn láti ìgbà tí mo ti rà á. Lọ́jọ́ tí mo rà á gan-an, náírà mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo wá àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì jáde nínú fóònù kan náà. Owó tó jáde nínú àkáǹtì mi lọ́jọ́ yẹn, ogún náírà ni lórí ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni mo tó ka lẹ́tà tíntìntín tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá pín bónọ́ọ̀sì, ìpín á pọ̀ sí i, ọrọ̀ ilé-iṣẹ́ ò ní pọ̀ sí i, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì wálẹ̀. Kó má baà dà bí ẹni pé ọjà já, àwọn tó ń tọ́jú iye àtijọ́ á padà sẹ́yìn, wọ́n á dín ti gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá kù bákan náà. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san.

Mo tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ra ìpín rẹ̀. Lẹ́yìn tí àǹtí mi ti ta tirẹ̀ ni wọ́n pín bónọ́ọ̀sì fáwọn tó kù, ọ̀kan lórí méjì méjì. Ohun tó jẹ́ mẹ́sàn-án ti di mẹ́fà. Mo wá ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó ṣe nínú wa ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn: mo wo ọjọ́ tó tà á. Náírà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ló kó fún un. Bó bá jẹ́ pé fóònù ò parọ́, olè wo ló ń fi owó ara rẹ̀ kún owó tó jí? Wọ́n ní àgbà òṣìkà ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ẹjọ́ ọjọ́ kan làwa gbọ́. Mo jókòó sáàárín aṣọ ọmọdé, mo sunkún.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Mafoluku. Bàálù máa ń gba orí òrùlé àǹtí mi kọjá débi pé ará ilé náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá a dé. Mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Kò yé e lẹ́ẹ̀kan.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ní gààrí àpò méjì lẹ ní, ẹ wá tún un dì sí àpò mẹ́ta. Gààrí ò pọ̀ sí i. Àpò tí ẹ ń tà ní mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀, mẹ́fà lẹ máa tà á báyìí. Àwọn wọ̀nyí wá lọ kọ mẹ́fà sí ọjọ́ tó jẹ́ pé mẹ́sàn-án lẹ rà á."

Bàálù kan ń bọ̀. A dúró kó kọjá.

"Mẹ́sàn-án ni," ó ní.

"Mẹ́sàn-án ni, Àǹtí."

Mo rò pé á ṣọpẹ́. Ó ní, "Mo forí jì í," ó tún un sọ, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Èmi ńkọ́? Ta ló máa forí jì mí?"

"Àwa ọmọ ẹ̀ ti forí jì yín, Àǹtí."

"Ìwọ kọ́ ni mo pè lólè."

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ò wá sí ìsọ̀ mi mọ́. Aṣọ tuntun ń rùn bí aṣọ tuntun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àǹtí mi pè mí lórí fóònù. Kò dúró kí n kí i.

"Nígbà tó ń wá sọ́dọ̀ ẹ," ó ní, "ṣé ó máa ń jókòó?"

Mi ò sọ àlá mi fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ṣe mí bíi kí n parọ́ fún un. Bàálù ń kọjá lórí ilé rẹ̀, mò ń gbọ́ ọ nínú fóònù, àwa méjèèjì sì dákẹ́ títí tó fi lọ.

"Rárá o, Àǹtí. Ó máa ń dúró ni. Bàtà ẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó ní, "Bàtà náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó wá sọ́dọ̀ mi lóru àná."