Ẹni Tó Bá Mi Ti Ọkọ̀ Lórí Iyanrìn Òfíkì

Mi ò mu ọtí lọ́jọ́ náà, mi ò sì tòògbé nídìí síárín. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in, kò dùn mí. Èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Ìyá mi lè jẹ́rìí apá kan nínú rẹ̀, àfi pé kò ní í lanu tí bàbá mi bá wà nítòsí.

Píkọ́ọ̀pù ni mò ń wà. Láti Ayété ni mo ti máa ń lọ sí àwọn abúlé oko tó wà lódìkejì odò Òfíkì, iṣu àti ẹ̀gẹ́ sì lẹrù mi. Tí òjò bá ń rọ̀, kò sí mọ́tò tó lè gba odò yẹn kọjá. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa, omi á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, iyanrìn funfun á sì tẹ́ lọ rẹrẹ. Orí iyanrìn yẹn là ń gbà.

Ẹ má wo bó ṣe mọ́ lójú o. Ó ti dá àwọn awakọ̀ tó gbọ́n jù mí lọ dúró.

Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ óò dúró létí odò, ẹ óò yọ nínú afẹ́fẹ́ táyà títí tí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Táyà tó le koko á gún iyanrìn wọlé, èyí tó rọ̀ á gun orí rẹ̀ lọ. Jíà kékeré ni ẹ óò fi sí. Ẹ óò rọra máa lọ ṣùgbọ́n ẹ ò ní í dúró, ẹ ò ní í tẹ bíréèkì, ẹ ò sì ní í yí síárín lójijì. Tó bá wá rì, ẹ má tẹ ọkọ̀ mọ́ o. Táyà tó ń yí lójú kan, sàréè ara rẹ̀ ló ń gbẹ́.

Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí a bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa. Ẹni tó bá bá ọ ti ọkọ̀ tó rì, ọkọ̀ náà ló máa gbé e lọ síbi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti yọ, o ò lè dúró dè é, yóò tún rì ni. Nítorí náà, awakọ̀ á kàn kígbe pé "Ẹ fò sí i!" láì wẹ̀yìn, àwọn tó ń tì í á sì máa fò sẹ́yìn ọkọ̀ bó ṣe ń lọ. Ó di orí ilẹ̀ tó le kó o tó mọ ẹni tó o gbé. Mo ti gbé ewúrẹ́ kan rí lọ́nà bẹ́ẹ̀. Olówó rẹ̀ jù ú sínú ọkọ̀, kò sì rọ́nà fò sí i fúnra rẹ̀, ló bá ń sáré tẹ̀lé wa, ó ń ṣépè. A rẹ́rìn-ín títí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù pé paramọ́lẹ̀ ti bu bàbá mi jẹ níbi tó ti ń tu ẹ̀gẹ́ lóko. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì ti ìrọ̀lẹ́ tán ni. Mi ò tíì ki ẹsẹ̀ bọ salúbàtà dáadáa tí mo fi gbéra.

Nígbà tí mò ń lọ, mo ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ. Mo yọ afẹ́fẹ́, mo kọjá, mo tún fẹ́ táyà padà nítorí òkúta tó wà lójú ọ̀nà oko. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá ti wú dé orúnkún, ó ń dán, kò sì lè fi kan ilẹ̀. Àwọn èèyàn gbé e sí ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò rẹ̀ gun ọ̀kadà ṣáájú wa kó lè sọ fún ìyá mi ní Ayété, kó sì kọjá sí ọsibítù ní Ìgbó-Ọrà kí wọ́n ti wá abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò sílẹ̀. Bó ṣe ku èmi àti Bàbá nìyẹn.

Ọkàn mi ò sí níbì kan. Bí mo ṣe ń sáré yẹn, mo gbàgbé táyà. Mo wọ inú iyanrìn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú táyà tó kún dẹ́ńdẹ́.

Àárín odò gan-an ló ti rì.

Mo sọ̀, mo fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn títí èékánná mi fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo tẹ́ àpò síwájú táyà. Mo yọ afẹ́fẹ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, ikùn ọkọ̀ ti jókòó sórí iyanrìn. Oòrùn ń wọ̀, ó pọ́n. Mo pariwo pé ẹ gbà mí o, kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá ti di ojú, ó ń mí gúlegúle. Mo rò pé ojú mi báyìí ni bàbá mi máa kú sí, nítorí irú àìmọ̀kan tí mo máa ń tìtorí rẹ̀ fi àwọn awakọ̀ tuntun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo padà sídìí síárín, mo ní Bísímílà, mo rọra tẹ ọkọ̀.

Ìgbà náà ni mo mọ̀ ọ́n lára pé ọwọ́ kan ọkọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti wakọ̀ pẹ́ mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ á kọ́kọ́ mì díẹ̀, á wá dúró bí ìgbà tí èèyàn fi àyà tì í. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, iyanrìn àti oòrùn nìkan ni mo rí. Mo ní bóyá wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi ni, ni mi ò ṣe rí wọn. Ọkọ̀ náà gbéra, wẹ́rẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mọ́tò tó rì dé ikùn kì í jáde bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mí hẹlẹ, kò sẹ́ni tó ń ké hó-ò, hó-ò bí àwọn tó ń ti ọkọ̀ ṣe máa ń ké.

Ṣé inú mi lè má dùn? Mo yọ orí jáde, mo sì kígbe bí mo ṣe máa ń kígbe: "Ẹ fò sí i!"

Ẹ̀yìn ọkọ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ó wúwo bí ìgbà tí mo bá kó iṣu kún un dẹ́nu.

Bàbá la ojú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́.

"Àlàó, ta lo pè?"

Mo ní àwọn tó bá wa ti ọkọ̀ ni. Ó bi mí bóyá mo rí wọn. A ti gun ilẹ̀ tó le nígbà yẹn, mo sì wo dígí àárín láti kí wọn. Àpò méjì tí mo kó sẹ́yìn ni mo rí. Kò sí èèyàn.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì wúwo. Mo tan iná iwájú, dípò kí iná náà tan sójú ọ̀nà, orí igi ló ń tàn sí. Òórùn kan sì gba inú ọkọ̀, òórùn ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Ẹsẹ̀ mi ń lọ sórí bíréèkì fúnra rẹ̀.

Bàbá gbá mi lọ́wọ́ mú. "Má dúró. Ibi tó o bá ti dúró ló máa sọ̀ sí, á sì di ará ibẹ̀."

Ó wá ń sọ ìtàn fún mi díẹ̀díẹ̀, bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, ọ̀rẹ́ òun kan tó ní lọ́rì gbé ohun tí kò rí lórí iyanrìn kan náà, iwájú ilé rẹ̀ ló sì ti dúró. Mo mọ ilé náà. Gbogbo Ayété mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó kù nínú ìdílé yẹn, àjà rẹ̀ ti wó.

A wọ Ayété. Ìyá mi dúró níwájú ilé wa, ó ti di aṣọ sínú báàgì, ó ń dúró kí n gbé òun. Nígbà tó rí ọkọ̀ mi, ó súré bọ́ sí títì, ó ń ju ìborùn. Mo yà fún un, mo kọjá. Mo rí i nínú dígí bó ṣe ń sáré tẹ̀lé wa tó ń pe orúkọ mi, lẹ́yìn náà ó dúró lójijì, ó sì fi ìborùn bo ẹnu. Títí dòní, kò tíì sọ ohun tó rí lẹ́yìn ọkọ̀ fún mi.

Omi ń bọ́ lójú mi. Mi ò lè gbé nǹkan yìí wọ ọsibítù, àárín àwọn aláìsàn àti àwọn ọlọ́mọ tuntun. Mi ò sì lè máa wakọ̀ kiri títí oró ejò á fi pa Bàbá. Bàbá náà ló sọ ohun tí n óò ṣe. Ó ní oko kaṣú kan wà lẹ́yìn Tápà tí ilé kankan ò sí, kí n dúró níbẹ̀. Kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, kí n ní kó sọ̀, kí n sì di ojú mi, nítorí kò fẹ́ kí èèyàn máa wo òun.

Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Mo dúró. Mo di ojú. Mo ní:

"Ẹ ṣé o. Ibi tí mo lè gbé yín dé nìyí. Ẹ rọra sọ̀."

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí èèyàn fa èémí tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò sì lè sọ ọ́. Ilẹ̀kùn náà padà tì. Nígbà tí mo la ojú, iná ọkọ̀ ti padà sójú ọ̀dà, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ti fúyẹ́. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo iwájú. Mo ní, "Bàbá, ó ti lọ." Ó mi orí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi gba Ìdèrè kọjá tí a sì wọ Ìgbó-Ọrà.

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé ibùsùn jáde, Bàbá ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀.

Dókítà bi wá pé ẹsẹ̀ wo ni ejò bù jẹ. A ò rí ojú eyín. A ò rí ẹsẹ̀ tó wú. Àbúrò rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi náà ń ṣe Aliamudulilahi, mo ń fò sókè bí ọmọdé.

Ìgbà tí mo padà lọ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni mo rí i pé ìjókòó tí Bàbá jókòó sí rin gbindingbindin, iyanrìn tútù sì kún ilẹ̀ ibẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ti bàjẹ́ tipẹ́, okùn ni mo fi so ó, kò ṣeé ṣí. Ilẹ̀kùn tí mo gbọ́ níbi oko kaṣú, ilẹ̀kùn iwájú ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ bàbá mi.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí mo ti padà sí oko kaṣú náà. Mo rí ojú ẹsẹ̀ òsì nínú eruku, ẹsẹ̀ òsì nìkan, àti ìlà gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹnì kan ti wọ́ ẹsẹ̀ kejì wọ inú kaṣú lọ. Mo tẹ̀lé e títí ewé fi bò ó. Mo pe Bàbá títí ohùn mi fi há.

Ẹni tó wà nílé ń jẹun, ó ń kí èèyàn. Wọ́n ṣe àdúà ọpẹ́ fún un ní mọ́ṣáláṣí. Ìyá mi ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló sì sọ létí mi kó tó lọ: "Ọkọ mi kọ́ nìyẹn." Àbúrò Bàbá ní aláìmoore ni àwa méjèèjì.

Ẹ̀ẹ̀rùn tún ti dé. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó wà nílé yẹn wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ọkọ̀. Ó ní iyanrìn odò ti gbẹ dáadáa, kí n gbé òun lọ. Ó ní àwọn èèyàn òun pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀lú, pé ọkọ̀ mi máa gbà wọ́n. Mo pa irọ́ fún un pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Ó ní kò burú, òun máa dúró. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìjókòó iwájú ló wà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gba orí iyanrìn, tí ọkọ̀ yín bá rì, ẹ sọ̀ kí ẹ wo ojú ẹni tó ń tì í. Tí ẹ ò bá rí ojú, ẹ jẹ́ kó rì sí i. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni tí ẹ ò rí. Ẹ má sì dúró fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lẹ́yìn Tápà, níbi oko kaṣú, tí ẹ rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó sì na ọwọ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mo mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ẹ ṣáà bá mi dúró.