Eyín Lórí Okùn

Eléyín ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ eyín tirẹ̀ pé sẹ́nu. Eyín ẹlòmíì ló ń ṣe. Ẹnikẹ́ni tí eyín rẹ̀ bá yọ, òun ni yóò mọ òmíràn, yóò rẹ́ ẹ, yóò kùn ún dán, títí ẹni náà yóò fi lè rẹ́rìn-ín láìfọwọ́ bo ẹnu.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ìgbàgbé ni wàhálà. Ohun tí kò bá ti sí níwájú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Tó bá ti ti dúrọ́ọ̀ tábìlì pa, ohun inú rẹ̀ ti wọlẹ̀ lọ. Wọ́n ti lé e níbi iṣẹ́ méjì. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ a máa pariwo pé, "Ṣé ìwọ ni mo rán níṣẹ́ ni, àbí atẹ́gùn?"

Ó ti di ìyá ọlọ́mọ kí dókítà kan tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì là á yé e. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe àìbìkítà. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó sunkún nínú ọkọ̀ títí délé. Lọ́jọ́ kejì, ó ra okùn tí yóò mú lọ síbi iṣẹ́.

"Aṣọ wo lo fẹ́ sá níbi iṣẹ́?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Eyín ni mo fẹ́ sá."

"Háà. Má jẹ́ kí òjò pa á o."

Ó ta okùn náà láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́. Iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ó há a sórí okùn. Iṣẹ́ tuntun, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ọjọ́ àtigbà á ṣe ń sún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbà lónìí a máa rọ̀ wálẹ̀ débi pé yóò gbá a níwájú orí bó bá ṣe ń wọlé. Ta ló ń gbàgbé ohun tó ń gbá a lórí? Odidi ọdún, eyín kankan ò pẹ́.

Ni ọ̀gá tuntun bá dé. Dókítà eyín, obìnrin, afínjú pọ́nńbélé. Ọ̀rá gbá òun náà lórí.

"Kí lèyí? Ilé ìwòsàn ni àbí ilé alágbàfọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù."

Ó yẹ kí Eléyín ṣàlàyé. Ìtìjú dì í lẹ́nu. Ó kó wọn síbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó parí.

Kò pẹ́ sígbà náà tí akàròyìn rédíò kan fi wọlé. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ró bí agogo, kí eyín iwájú rẹ̀ tó yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, tí wọ́n sì gbé ìròyìn àárọ̀ fún ẹlòmíì. Ọ̀la ló fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá gba eyín.

Eyín wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Inú ìda tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ eyín ló ṣì wà láìparí, bó ṣe tì í mọ́bẹ̀.

Ọ̀gá pe Eléyín sí kọ̀rọ̀. "Mo mọ̀ pé wọ́n ti lé yín rí nítorí irú èyí. Tí ọkùnrin yìí bá lọ láìgba eyín, ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la."

Ẹ̀bẹ̀ ti dé ètè rẹ̀, èyí tó ti ń bẹ̀ láti kékeré. Ó gbé e mì.

"Dókítà, mi ò ní bẹ̀ yín. Ẹ máa rí eyín yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Ohun tójú mi ò bá rí, ọpọlọ mi kì í dì í mú. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn, wọ́n sì ti yẹ̀ mí wò. Okùn yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, òun ló ń bá mi rántí. Tí mo bá parí, okùn mi á padà."

"Tí ẹ ò bá parí ńkọ́?"

"Ẹ ò ní rí mi mọ́."

Ó jókòó. Irú orí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn kan: tí ohun kan bá ti wà níwájú rẹ̀, ayé yòókù kú. Ó yọ́ ìda kúrò, ó fi ike pupa mọ èèrìgì, ó sè é, ó rẹ́ ẹ. Fóònù dún, dún. Oúnjẹ tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eyín nìkan ló kù láyé.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó jáde. Akàròyìn fi eyín sẹ́nu, ó wúkọ́.

"Ẹ sún mọ́ rédíò yín..." Ohùn rẹ̀ dún bíi fèrè.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹyẹ lẹ gbé sẹ́nu ni?"

Eléyín ò rẹ́rìn-ín. Ó gba eyín, ó rẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó dá a padà.

"Ẹ sún mọ́ rédíò yín!"

Ó ró gbogbo ilé. Àwọn tó ń dúró de dókítà pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó yíjú padà, ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu, ẹ̀rín ló kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ya yàrá iṣẹ́. "Mo gbọ́ ọkùnrin yẹn lórí rédíò. Ẹ ta okùn yín."

"Ó ku nǹkan kan, Dókítà. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù."

Ọ̀gá mi orí. "Ẹ̀yin yìí náà!" Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń pe káfíńtà.

Káfíńtà tú ilẹ̀kùn méjèèjì, ó kọjú sí ọ̀gá. "Màdáàmù, ìgbà wo ni kí n dá wọn padà?"

"Ẹ má dá wọn padà mọ́. Ẹ fi ṣe ohun tó bá wù yín."

Káfíńtà gbé wọn rù, ó jáde. Eléyín fọwọ́ sí ìbàdí. Gbogbo inú kọ́bọ́ọ̀dù hàn kedere. Kò sí ohun kan tó sá pamọ́ fún un. Orin bọ́ sí i lẹ́nu, ó sì nawọ́ mú iṣẹ́ tó kàn.